Ibo la máa fi ṣe ibùdó? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹbí tó ń kó tàgbà tèwe bọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́

Ẹbí tó bá ń ti Èkó, Ìbàdàn, London tàbí Paris bọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bi wá léèrè ibi tí wọ́n lè lọ wò ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé níbo ni màmá àgbà máa sùn, báwo ló sì ṣe máa dé balùwẹ̀ lóru? Ìdáhùn ìyẹn ló yẹ kó pinnu ìlú tí ẹ máa dé sí.

Àjàṣẹ́, Kétu, Sábẹ̀ẹ́: èwo ló yẹ ká fi ṣe ibùdó?

Fún ọ̀pọ̀ ẹbí tó ní arúgbó àti ọmọdé nínú, Àjàṣẹ́ ni, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Bíi kìlómítà 30 péré ló wà sí Kútọnu tí pápákọ̀ òfuurufú wà, kò sì jìnnà sí ibodè Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà fún ẹkùn Ouémé àti Plateau wà láàárín ìlú, ilé oògùn sì pọ̀. Ibi tí ẹ lè wọ̀ sí pọ̀ débi pé tí èyí tí ẹ san owó rẹ̀ kò bá dára, ẹ lè kó lọ síbòmíì lọ́jọ́ náà. Ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, yàrá tó bójú mu kò pọ̀. Tí wọ́n bá ti kún, wọ́n kún náà nìyẹn.

Ètò tó máa ń bá èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá lára mu fún òru 10 ni kí ẹ sun òru 7 ní Àjàṣẹ́, òru 2 ní Kétu, kí ẹ sì padà wá sun òru tó kẹ́yìn ní Àjàṣẹ́ kí ẹ tó wọ bàálù tàbí kọjá ibodè. Ẹ má fi òru tó kẹ́yìn sí ọ̀nà jíjìn. Táyà kan tó bá jò lójú ọ̀nà Pobẹ̀, láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́, lè gba bàálù mọ́ èèyàn mẹ́wàá lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé orírun yín ni Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, tó sì jẹ́ pé àwọn ará ilé lẹ fẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yí padà. A máa dé orí ìyẹn.

Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ ká máa ṣí kiri? Ṣebí orílẹ̀-èdè náà ò tóbi.

Ìdajì ọjọ́ ló ń bá kíkó ẹrù ẹbí ńlá lọ. Ẹnì kan ń wá ṣájà, ọmọ kan fẹ́ yàgbẹ́, àpò oògùn bàbá ti wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ọkọ̀. Tí ẹ bá sì dé ibi tuntun, arúgbó ní láti tún kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tan iná àti ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn wà. Òru àkọ́kọ́ nínú ilé tí ẹsẹ̀ kò tíì mọ̀ ló léwu jù fún ìṣubú.

Ìlànà tiwa ni pé ibi tí kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ, ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ibi tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ sùn níbẹ̀, ó kéré tán òru méjì. Tí ibẹ̀ kò bá tó ohun tí ẹ lè fún ní òru méjì, ẹ fi sílẹ̀ tàbí kí àwọn ọ̀dọ́ nìkan lọ.

Ṣé Kútọnu kọ́ ló yẹ ká dé sí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni bàálù ń balẹ̀?

Tí bàálù yín bá balẹ̀ lóru, ẹ sùn ní Kútọnu lóru ọjọ́ yẹn kí ẹ máa lọ láàárọ̀. Ju ìyẹn lọ, a ò rí ìdí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ ọmọdé àti àgbà, Yorùbá tí màmá máa gbọ́ ládùúgbò kò sì tó ti Àjàṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé láàárọ̀, ọkọ̀ ń ya lọ sí Kútọnu. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń ya padà sí ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ẹ gbéra láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán.

Kí la máa wò kí a tó gba ilé?

Ẹ má gbára lé fọ́tò, torí fọ́tò kì í fi àtẹ̀gùn hàn. Ẹ ní kí onílé ṣe fídíò kan fún yín lórí WhatsApp. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, kó máa rìn bọ̀ láìdá fídíò dúró títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí màmá máa sùn, kó tún rìn láti ibẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Kó ṣí omi, kó fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó tan iná. Ẹ̀yin ẹ máa ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún. Onílé tó bá kọ̀ láti ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ wá ẹlòmíì.

Ohun tó máa ń gbé àgbà ṣubú jù ni ilẹ̀ balùwẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ilẹ̀ balùwẹ̀ fi bí ìbú ọwọ́ kan rẹlẹ̀ sí ti yàrá, táìsì ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ tí omi bá ti kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ní màmá ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ ra ẹní rọ́bà tí kì í yọ̀, ẹ ra àga onírọ́bà kan fún ìjókòó wẹ̀, kí ẹ sì fi iná kékeré tó ṣeé ṣáájì sí ọ̀nà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti balùwẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni ti àwọn àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Ẹ má fi wọ́n sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ torí ìfẹ́ nìkan. Ọmọ á sunkún, wọn ò ní sùn, lọ́jọ́ kejì ẹ̀jẹ̀ á ru. Ọmọ-ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá tó lè dìde lọ pe ìyá rẹ̀ ló yẹ kó bá wọn sùn.

Kànga pọ̀ nínú àgbàlá ní Àjàṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ó ní ìdérí tó ṣeé tì ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò rí kànga rí máa fẹ́ yọjú wò ó.

Ilé-iṣẹ́ SBEE ló ń pín iná, SONEB ló ń pín omi. Ilé púpọ̀ ló ń lo mítà tí wọ́n ń ra iná sí ṣáájú, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin tó bá sì ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú á jẹ owó yẹn tán kíá. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé ẹni tó máa san owó iná, mélòó ló wà nínú mítà lọ́jọ́ tí ẹ dé, bóyá jẹnẹrétọ̀ wà àti ẹni tó ń ra epo rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá táńkì omi wà lórí òrùlé, torí ọjọ́ tí omi kò bá wá, èèyàn mẹ́wàá kò lè máa fi kọ́ọ̀bù wẹ̀. Ẹ béèrè bóyá gáàsì wà nínú sìlíńdà ìdáná. Ẹ béèrè àwọ̀n ẹ̀fọn fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Pílọ́ọ̀gì iná ibẹ̀ jẹ́ onírin róbótó méjì bíi ti Faransé. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà tàbí Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ nílò adápítọ̀, pàápàá tí àgbà kan bá ń fi ẹ̀rọ èémí sùn.

Àwọn ará ilé wa wà ní Kétu. Ṣé kò ní jẹ́ àbùkù tí a bá lọ wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì?

Á jẹ́ àbùkù tí wọn ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Kí àgbà tó jẹ́ olórí ìrìn yín fi fóònù pe àgbà ilé ní bí oṣù kan ṣáájú, kó ní àwa pọ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, dókítà sì ti ní kí màmá máa sinmi lọ́sàn-án. Kó wá ní ṣùgbọ́n ilé yín la ó ti jẹun ọjọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni màmá máa sùn lóru ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin kan. Bí a bá sọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bínú.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ilé ẹbí kì í sinmi. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé màmá dé, àlejò á máa wọlé láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ààjìn. Inú màmá á dùn, kò sì ní sọ pé ó rẹ òun. Lọ́jọ́ kẹta á ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí ilé mìíràn wà tí ẹ lè gbé e lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ má kó oúnjẹ ọjọ́ méjì yín lé aya ilé lórí. Ìrẹsì, òróró, ẹja àti owó ọjà fún ìgbà tí ẹ máa jẹun níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó dé.

Ọjọ́ kan ò tó Kétu ni? Ṣebí bíi kìlómítà 100 ni láti Àjàṣẹ́.

Ó tó fún ẹni tó kàn fẹ́ rí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà lára odi tí àwọn ará ìlú fi ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ ìjọba Dànhọ̀mì àtijọ́. Ọ̀nà náà gba Sakété àti Pobẹ̀ kọjá, ọ̀dà ló sì wà nílẹ̀. Tí ẹ bá gbéra láago méje àárọ̀, ẹ lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń sọ ọ́ di òru méjì. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọnú ìwé àjogúnbá wọn ní 2008, Kétu sì ni ọ̀pọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ní gbangba ìlú. Ẹ ò lè wò ó tán kí ẹ wá máa wakọ̀ padà sí Àjàṣẹ́ láago méjì òru pẹ̀lú ọmọ àti arúgbó. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó dúró sójú ọ̀nà láìtan iná ló ń pa èèyàn. Wọn kì í ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi sinimá. Lẹ́yìn ìkórè àti nígbà ayẹyẹ pàtàkì ló máa ń wáyé, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ará ìlú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń san owó kí ẹgbẹ́ òṣèré wá ṣe díẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án. Ìyẹn dára fún ọmọdé, ẹ̀fẹ̀ òru sì ni ti àgbà. Kí ẹnì kan lára àwọn òbí dúró ti ọmọ tí oorun bá ń kùn.

Ní ìta gbangba, àga kì í sí fún gbogbo èèyàn. Ẹ gbé àga tó ń ká méjì dání fún àwọn àgbà, kí ẹ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú kí wọ́n lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀nà àbájáde wà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọba ìlú, ìyẹn Alákétu, ẹ má kàn yà síbẹ̀. Ẹ rán ẹni tó mọ ààfin lọ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń mú wá, ẹ sì béèrè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò. Kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Inú wọn máa ń dùn sí i gan-an tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Sábẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Sábẹ̀ẹ́ lẹ́wà. Àwọn òkè àpáta ńlá tó yí i ká kò ní ẹgbẹ́ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ gun òkè á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bíi kìlómítà 250 ló wà sí Kútọnu, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà sì gba Bohicon àti Dassa. Ẹ ka wákàtí márùn-ún sí i, kí ẹ fi ìdúró méjì fún àwọn àgbà láti na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jókòó wákàtí márùn-ún láìdìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan.

Ooru ibẹ̀ le láàárín Fẹ́búárì sí Éépírì. A kì í gba ẹbí tó ní àìsàn ọkàn tàbí ọmọ ọwọ́ nímọ̀ràn láti fi Sábẹ̀ẹ́ ṣe ibùdó. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ fún òru méjì, kí àwọn àgbà sinmi ní Àjàṣẹ́. Ní àárín Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn Kátólíìkì máa ń ya lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa, yàrá á wọ́n lójú ọ̀nà yẹn.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láàárín Nofẹ́ńbà tó ń parí lọ àti Máàṣì ni ọ̀gbẹlẹ̀. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Éépírì títí wọ Júláì, ó máa ń dá ọwọ́ dúró díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, á tún padà ní Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nofẹ́ńbà. Ọ́gọ́ọ̀sì ni àwa fẹ́ràn jù fún ẹbí: ooru ti rọlẹ̀, ọmọ wà ní ìsinmi. Ní Disẹ́ńbà àti Jánúárì, ọyẹ́ máa ń fẹ́, eruku rẹ̀ kò bá ẹni tó ní ikọ́ fée lára mu. Nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Jánúárì ni ọdún Vodun, ilé á gbówó lórí, ọ̀nà Ouidah á sì kún. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkìtóbà, odò Ouémé máa ń kún bo àwọn abúlé Aguégués.

Ìwé wo ni kálukú gbọ́dọ̀ mú dání?

Ibi tí ẹbí ti máa ń kó sí wàhálà ni pé pásípọ́ọ̀tù wọn kì í ṣe irú kan náà. Màmá tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà fún ọjọ́ 90, torí ECOWAS. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé nílò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, lójú ewé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, evisa.bj. Ojú ewé mìíràn wà tó jọ ọ́ tó ń gba owó lé e. Tí ẹ bá máa yọjú sí Badagry tàbí Èkó kí ẹ tó padà sí Àjàṣẹ́, irú èyí tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ gbà. Pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́fà lára.

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọlé, èyí tí èèyàn bá ti gbà rí sì wúlò títí ayé. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ewu rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́jọ́ orí yẹn. Dókítà lè kọ ìwé pé kí wọ́n má fún un. Ẹ ṣe ìyẹn ní oṣù méjì ṣáájú.

Ọmọ tó bá ń bá bàbá àgbà tàbí àǹtí rẹ̀ rìn láìsí òbí, kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé ìbí mọ́ ọn.

Tí a bá gba ilẹ̀ wá láti Èkó ńkọ́?

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti ti Ìdí-Ìrókò ló wà fún Àjàṣẹ́. Ẹ wá láàárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ yẹra fún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù èèyàn mẹ́wàá lé ọmọkùnrin tó ní òun á bá yín yára ṣe é lọ́wọ́. Kí àgbàlagbà kan lára yín gbé wọn dé ojú kàǹtà, kó yẹ̀ ẹ́ wò pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà àti ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ tí wọ́n bá fo máa ń di ìtanràn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, ti ọmọdé ni wọ́n sì sábà máa ń fò.

Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ bọ̀ nílò ìwé ọkọ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ìwé àṣẹ kọ́sítọ́ọ̀mù àti Brown Card, ìyẹn ìwé ìdójútòfò ECOWAS. Ìwé ìdójútòfò Nàìjíríà lásán kò tó.

Irú ọkọ̀ wo la máa háyà?

Ọkọ̀ oníjòkòó méje kò gba èèyàn méje pẹ̀lú ẹrù. Ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ há, àgbà kò lè wọ ibẹ̀, tí ẹ bá sì lò ó, ibi ẹrù ti tán. Fún èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá, bọ́ọ̀sì bíi Hiace kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ sàn ju mọ́tò kékeré méjì lọ, torí ẹ wà pọ̀, owó awakọ̀ kan lẹ sì ń san. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ga. Ẹ ra àpótí ìjókòó onígi kan tó lágbára, kí ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí màmá tẹ̀ ẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Kí ẹnì kan dúró níwájú, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, kó kọjú sínú ọkọ̀.

Ẹ yẹ bẹ́líìtì wò lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Ìjókòó ọmọdé ṣòro láti rí háyà, ẹ gbé tiyín wá. Ẹ bá onímọ́tò sọ ọ́ yanjú bóyá epo wà nínú owó tó pè, àti ẹni tó ń san oúnjẹ àti ibùsùn awakọ̀ ní Kétu. Awakọ̀ tó sun inú ọkọ̀ mọ́jú kò yẹ kó gbé ọmọ yín.

Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, wà fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ yára dé ọjà. Kì í ṣe fún màmá, kì í ṣe fún ọmọ ọwọ́.

Ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ni tàgbà tèwe lè jọ ṣe?

Ẹ fi ohun kan sí àárọ̀, ẹ padà wálé jẹun, kí àgbà sùn, kí ẹ tún jáde láago mẹ́rin tí agbára bá wà. Ohun méjì ńlá lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù.

Ààfin Honmè, tí ọba Tofà tó jẹ láti 1874 sí 1908 gbé, ni kí ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà láàárín ìlú jẹ́ ohun àrà: àwọn Àgùdà Mùsùlùmí, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, ló kọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ju mọ́ṣáláṣí lọ. Ọmọ tó bá béèrè ìdí rẹ̀, màmá àgbà lè fi ìdajì wákàtí sọ ìtàn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì padà wá sílé. Ilé àwọn Àgùdà ṣì pọ̀ ládùúgbò yẹn. Songhaï, tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ni oko àti ibi ìkọ́ṣẹ́ tí ọmọdé fẹ́ràn jù: ẹja, adìyẹ, ọ̀gbìn. Ó ní ibi ìjẹun àti yàrá àlejò. Ọ̀nà inú rẹ̀ gùn, ẹ béèrè ibi tí àgbà lè jókòó dè yín.

Ọjà Adjarra kò jìnnà, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ìlù àti ìkòkò ibẹ̀ lókìkí. Ẹ lọ kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ṣé àwọn àgbà lè lọ sí Ganvié àti Ouidah?

Ganvié, ìlú orí omi, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀ láti Abomey-Calavi. Ohun tó ṣòro ni wíwọ ọkọ̀, torí ọkọ̀ ń mì bí èèyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ sí i. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó dúró sílé láìjẹ̀bi. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ tó ní ìbòrí, ẹ̀wù ìléfòó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá a mu, kí gbogbo yín sì ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Aguégués sún mọ́ Àjàṣẹ́ jù, ó sì rọrùn fún ìdajì ọjọ́.

Ouidah ṣeé lọ bọ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ la Kútọnu kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú òkun níbẹ̀ tàbí níbikíbi létí òkun Bẹ̀nẹ̀. Omi ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ sínú, àní ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí wọ́n ṣeré lórí iyanrìn, kí àgbàlagbà kan wà láàárín wọn àti omi.

Oògùn àti ìlera ńkọ́?

Ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun máa ń rò pé ibà kò lè mú òun torí wọ́n bí òun sílẹ̀ yìí. Agbára tí ara ní sí ibà máa ń dínkù tí èèyàn bá ti kúrò, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún kò sì ní i rárá. Kí dókítà kọ oògùn ìdènà fún yín. Malarone, fún àpẹẹrẹ, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, wọ́n sì ń lò ó lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò. Àwọn tó ń dá a dúró lọ́jọ́ tí wọ́n padà sílé ni ibà ń mú lẹ́yìn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ, ẹ gbé èyí tó máa tó fún gbogbo ọjọ́ yín pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan lé e, kí ẹ pín in sí àpò ọwọ́ méjì. Kí ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí orúkọ ìtajà yàtọ̀ ní ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Insulin kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù abẹ́ bàálù, kò sì gbọ́dọ̀ kan yìnyín. Lóru, ilé oògùn tó bá kàn ló ń ṣí. Ẹ béèrè èyí tó kàn lọ́sẹ̀ yẹn lọ́wọ́ onílé lọ́jọ́ tí ẹ dé. Panápaná ni 118, ọlọ́pàá ni 117. Ilé ìwòsàn sábà máa ń fẹ́ rí owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, nítorí náà kí owó sẹ́fà wà nílé, kì í ṣe inú báńkì nìkan.

Owó àti fóònù?

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, 655.957 sí Yúrò kan, kì í yí padà. Ẹ ṣẹ́ owó díẹ̀ ní ẹnubodè, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú ìlú. Ṣéńjì wọ́n: ẹni tó bá mú 10,000 lọ ra àkàrà kò ní rí i rà. Láti òpin 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oníka mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú ti àtijọ́. Tí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín ní Àjàṣẹ́ bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ fi 01 sí i lẹ́yìn +229.

Báwo la ṣe máa sanwó ilé kí wọ́n má bàa lù wá ní jìbìtì?

Ẹ má san gbogbo rẹ̀ ṣáájú. Ìdá mẹ́ta kan láti fi dì í mú tó, kí ìyókù dúró dìgbà tí ẹ bá ti rí kọ́kọ́rọ́. Orúkọ tó wà lórí Mobile Money tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn mu. Tí ẹ bá ní ẹnì kan ní Àjàṣẹ́, kó lọ wo ilé náà lójú, kó sì dúró síbẹ̀ di alẹ́, torí ilé tó dákẹ́ lọ́sàn-án lè ní ilé ọtí tàbí ìsọjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí màmá máa sùn, kó gba ohùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láago mẹ́wàá alẹ́, kó fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.